Ẹ Má Ṣe Da Ẹja Pọ́ńdì Sínú Ọ̀sà Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.

Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní ẹja ti tán nínú Ọ̀sà Lẹ́kì ní agbègbè etí omi Ìjẹ̀bú. Ó wá dá a lábàá pé kí ìjọba, tàbí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó rí já jẹ, dáwó jọ, kí wọ́n ra ọmọ àrọ̀ àti ọmọ ẹpìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja, kí wọ́n rọ wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n gbé wọn wá sí Ìwópin, kí wọ́n sì dà wọ́n sómi kí apẹja lè rí nǹkan mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn kan ti ń dáwó lórí rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé nìyẹn, torí pé ẹja tí wọ́n bá ti dà sómi, kò sẹ́ni tó lè ṣà á padà.

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mí. Yamaha ni mo mọ̀ jù. Bó bá jẹ́ òmíràn lẹ gbé wá, a jọ máa wò ó ni. Ṣọ́ọ̀bù mi sún mọ́ èbúté Ìwópin débi pé mo máa ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ò dá kí ọlọ́kọ̀ tó dé etí omi. Èmi fúnra mi kì í ṣe apẹja. Ìwọ̀ ni mo máa ń jù sómi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ekòló ni mo sì fi ń dẹ ẹ́. Mo ní mo fi ń nara ni, ìyàwó mi ní mo fi ń sá fún ìpàdé ẹbí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọ̀n ń gbé jáde nínú ọ̀sà yìí, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kẹ́ ẹ wá, nítorí ẹja ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ fún mi.

Bó ṣe rí nìyẹn látìgbà tí mo ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú, owó kì í sí lọ́wọ́ apẹja, torí ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ló ń bá a wá owó. A óò dúnàádúrà, yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá ti odò dé, yóò gbé bàsíà wá. Èmi náà á ṣí ìwé, n óò kọ orúkọ rẹ̀, ohun tí mo bá a ṣe, irú ẹja tó mú wá, iye rẹ̀ àti bó ṣe tóbi sí. Ọ̀rọ̀ owó tí wọn ò bá kọ sílẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Ọdún 1991 ni ìwé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Epo ẹ́ńjìnnì ti mu ún débi pé ẹ lè ka ojú ewé kejì láìṣí ti ìkíní.

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín. "Kábúrétọ̀ fífọ̀: ọ̀bọ̀kún ńlá mẹ́rin." "Plọ́ọ̀gì méjì: ẹja ọ̀sàn kan, ó gùn tó apá mi." "Pùròpẹ́là: ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀, ó kù díẹ̀." Ó kù díẹ̀ yẹn ò tíì wọlé dòní, ọkùnrin náà sì ti kó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí mo ṣe ń ṣí ìwé náà lọ nìyẹn, ọ̀bọ̀kún kì í wọ́n lójú ewé kankan. Tó bá ti di àsìkò òjò, ẹja ọ̀sàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Ẹ wá ṣí ti ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹpìyà. Ẹpìyà. Edé bàsíà kékeré kan. Ẹpìyà. Àrọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ti kú sínú àwọ̀n tipẹ́. Ẹpìyà àti owó díẹ̀, torí ẹpìyà náà ò tó nǹkan. Tí ọ̀bọ̀kún bá dé, kékeré ni, èyí tí a kì í kà sí ẹja nígbà kan. Tí ẹnì kan bá mú ẹja ọ̀sàn wá, gbogbo èbúté ló máa wá wò ó, àwọn ọmọ kéékèèké á máa fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹja ò tán. Bàsíà ṣì ń kún. Irú ẹja tó wà nínú rẹ̀ ló yí padà, ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé sí yín sì fẹ́ fi èyí tó ti pọ̀ jù kún un.

Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú ẹni tó ń jẹ ẹja pọ́ńdì láti kékeré, àmọ́ nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò pàtàkì, ọ̀bọ̀kún yíyan ló máa ń wá. Ẹran rẹ̀ ki, kì í túká nínú ìkòkò, ọ̀rá rẹ̀ á sì yọ sójú ìkọ́kọrẹ́ náà. Ìyá kan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ sọ fún mi pé àwọn oníbàárà wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń bèèrè ọ̀bọ̀kún lójoojúmọ́. Ìyá náà ní, "Màá ní kò sí, wọ́n á bínú, wọ́n á sì ra ẹpìyà." Ohun tí ìyá náà ń rí lórí àtẹ ni ìwé mi ń sọ.

Kí ló lé ọ̀bọ̀kún lọ? Ẹja yìí kì í yé ẹyin sí gbangba. Inú ihò ló máa ń yé e sí, lábẹ́ igi tó wó sómi, nínú ọparun tó ti rì, níbi tí òun náà á ti lè ṣọ́ ọ. Ẹ wá wo iye ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn káàkiri ọ̀sà láti apá Èkó wá. Ibi tí wọ́n bá ti fa yanrìn, ìsàlẹ̀ omi á dojú rú, igi á kúrò, ihò á dí. Àwọ̀n olójú kékeré sì ń kó ọmọ rẹ̀ kí ó tó dàgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la sì ń ra yanrìn kọ́lé.

Ti ẹja ọ̀sàn ló dùn mí jù. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹja gígùn ni, kò ní lẹbẹ́ nídìí, ìrù rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ìrù èkúté. Lẹbẹ́ kan ṣoṣo ló gùn lọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ló fi ń wẹ̀, bó sì ṣe ń lọ síwájú náà ló ń lọ sẹ́yìn láì yíra padà. Iná wà lára rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú ti òjíjí tó máa ń gbọn èèyàn. Iná tirẹ̀ kéré débi pé ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n, òun ló sì fi ń mọ ọ̀nà nínú omi tó dúdú. Ọ̀mọ̀wé Lissmann ní Yunifásítì Cambridge ló wádìí èyí ní àwọn ọdún 1950, ẹja yìí gan-an ló sì lò. Nígbà òjò, yóò fi koríko hun ìtẹ́ tó ń léfòó lójú omi, ìtẹ́ náà á fẹ̀ tó mítà 1, ẹyin inú rẹ̀ á tó 1,000, ẹja náà á sì dúró tì í. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà kan fi àjẹ̀ gún ọ̀kan wò, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹja náà gé àjẹ̀ jẹ. Àjẹ̀ yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ojú eyín wà lára rẹ̀, mo fi ń ká wáyà.

Àwọn ibi tí koríko etí omi wà, tí ẹja ọ̀sàn ti ń hun ìtẹ́, ni ewéko olódòdó àlùkò tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth ti gbà, èyí tó gba ìhà Bàdágírì wọ Nàìjíríà ní 1984. Nínú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀sà Lẹ́kì tiwa kì í níyọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Èmi ò lè bú u pátápátá o, ó máa ń wé mọ́ pùròpẹ́là, iṣẹ́ ni fún mi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹpìyà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹpìyà wá fún mi nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo pààrọ̀. Mo dà wọ́n sórí páànù láti kà wọ́n. Bí mo ṣe ń kà ni mo rí i pé irú méjì ni wọ́n. Èyí tí a bá láyé dúdú lábẹ́ àgbọ̀n, kò tóbi, ara rẹ̀ ń dán. Mo la ẹnu ọ̀kan nínú wọn, ẹyin kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó ní ìyá ni. Mo ní rárá, bàbá ni. Nínú irú èyí, bàbá ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ọmọ á fi jáde. Inú ìyàwó mi dùn gan-an ni, ó ní káwọn ọkùnrin èbúté wá wò ó. Irú kejì tóbi ju ìyẹn lọ, kò dúdú lágbọ̀n, ìlà tín-ín-tín-ín wà lóòró lára lẹbẹ́ ìrù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú irú ìyẹn, ìyá ló ń gbé ẹyin. Èyí ni ẹpìyà tí wọ́n ń sìn ní pọ́ńdì káàkiri, tí àwọn òyìnbó fi odò Náílì sọ lórúkọ.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ibi tó ti mú wọn. Ó ní ní ẹnu odò Ọ̀ṣun ni. Mo wá mọ̀. Ọ̀sà Lẹ́kì yìí, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 247, inú rẹ̀ ni odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀ní ń tú sí. Odò Ọ̀ṣun ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìlú tó kọjá lára wọn ò níye, kò sì sí ìlú kan nínú wọn tẹ́nì kan ò ti gbẹ́ pọ́ńdì sẹ́yìnkùlé. Tí òjò bá pọ̀, tí àgbàrá bá gorí ògiri pọ́ńdì, ẹja á bá omi lọ. Olówó ẹja á sunkún, a ó bá a kẹ́dùn, kò sì ní sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí ẹja náà gbà lọ. Èmi gbà pé ọ̀dọ̀ wa ló gbà lọ. Ìwé mi ni ẹ̀rí mi: lẹ́yìn ọdún tí omíyalé bá pọ̀, ẹpìyà onílà nírù yẹn máa ń pọ̀ nínú bàsíà.

Tó bá jẹ́ pé omi ló gbé e wá, kò sí ẹni tá a lè mú. Àmọ́ kí a fi ọwọ́ ara wa gbé e wá nínú kẹ́ẹ̀gì, kí fọ́tò sì wà níbẹ̀, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ lórí makirofóònù? Rárá o.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Òun náà ń jùwọ̀, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Adágún ńlá kan wà nítòsí ìlú wọn, Lake Norman lorúkọ rẹ̀, odò tí wọ́n dí fún iná mànàmáná ní nǹkan bí ọdún 1963 ló di adágún náà. Ẹja tí àwọn oníwọ̀ ibẹ̀ ń lé kiri ni wọ́n ń pè ní bass. Wọ́n lè fi owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi nítorí rẹ̀, tí wọ́n bá sì mú un tán, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á dá a padà sómi. Mo ní kí àbúrò mi má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni ní Ìwópin.

Àwọn àgbà oníwọ̀ tó bá níbẹ̀ sọ fún un pé bass ẹlẹ́nu ńlá ló gba ibẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Tí ìyẹn bá panu dé, igun ẹnu rẹ̀ máa ń kọjá ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ó wá yá, irú bass mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwọ̀ wọn: igun ẹnu tiẹ̀ ò kọjá ojú, eyín wẹ́wẹ́ sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè é ni Alabama bass. Kì í ṣe ọmọ North Carolina rárá, àwọn odò tó ń ṣàn lọ sí Mobile ní Alabama, títí dé apá kan Georgia, ni ilé rẹ̀. Ó jọ àwọn ìbátan rẹ̀ débi pé 2008 ni àwọn onímọ̀ tó gbà pé irú ọ̀tọ̀ ni. Ta ló gbé e dé Lake Norman? Àwọn oníwọ̀ fúnra wọn ni. Wọ́n rí ẹja tó ń jà dáadáa níbòmíràn, wọ́n bù ú sínú omi, wọ́n gbé e wálé láìgbàṣẹ, wọ́n dà á sí adágún wọn kí nǹkan lè dùn sí i. Lónìí, òun ló pọ̀ jù lórí ìwọ̀, ẹlẹ́nu ńlá ti dín kù. Ní àwọn adágún kan lápá òkè Georgia, tí bass ẹlẹ́nu kékeré wà tẹ́lẹ̀, àlejò náà bá wọn gùn, wọ́n bí ọmọ àdàlù, títí ojúlówó fi di àwátì níbẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn yẹn ni pé inú àwọn kan dùn. Ẹja náà pọ̀, ó ń jẹ ìwọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ẹni tó débẹ̀ lánàá á ní kò sóhun tó ṣe adágún náà. Àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko igbó lọ́hùn-ún ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹja láti inú omi kan lọ sí òmíràn mọ́. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní àwọn onímọ̀, wọn ò sì rí i kó kúrò.

Ẹ má wá rò pé ẹja òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹpìyà tiwa, aládúdú àgbọ̀n tí mo la ẹnu rẹ̀ nílé, ti di ọ̀daràn ní Táílándì. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni ilé rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́hùn-ún láti Gánà ní 2010, ó wọ inú odò wọn, ó sì ń jẹ ọmọ edé nínú pọ́ńdì àwọn tó ń sin edé. Ní 2024 ó di pé ìjọba wọn ń fi báàtì 15 ra kílò rẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó bá lè mú un, wọ́n tún da ẹja ọdẹ sómi pé kó máa lé e jẹ. Mo fi fídíò rẹ̀ han àwọn apẹja létí omi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan ní kí ìjọba Táílándì wá gba òun síṣẹ́.

Ẹni tó bá ń sin ẹja, mi ò bá a jà. Mo ti lọ sí Eriwe, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, mo rí bí àwọn pọ́ńdì ṣe tẹ́ lọ bẹẹrẹ, mo sì rí i pé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ló ń bá wọn gbé e. Ìgbìmọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje darí láti gbógun ti ìṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Èmi náà ń jẹ àrọ̀ wọn, ọjọ́ tí ẹja bá wọ́n nílé, ìyàwó mi ò ní bi mí kó tó rà á. Àmọ́ àrọ̀ pọ́ńdì yàtọ̀ sí tinú ọ̀sà. Èyí tí àwọn tó ń sìn ín ń pè ní Dutch, wọ́n ti ṣà á lẹ́ṣà láti ìran dé ìran pé kó máa jẹun kó sì máa tóbi kíákíá. Òmíràn jẹ́ àdàlù irú àrọ̀ méjì tí wọ́n fi ọwọ́ pa pọ̀, kò sì sí ohun tó ní kó má lè bímọ. Ẹ fojú inú wò ó kí àwọn wọ̀nyí dé ibi tí àrọ̀ wa ti ń gùn nígbà òjò. Tí wọ́n bá kú sómi, owó yín ti ṣòfò. Tí wọn ò bá kú, ìgbà yẹn ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ńkọ́? Láti 1962 ni òfin kan ti wà tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ẹja ààyè wọ Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Òfin yẹn ń ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú àti etíkun. Kẹ́ẹ̀gì tó gun ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó gba ọ̀nà Ìbíadé wọlé sí Ìwópin, ta ló ń ṣọ́ ọ? Èmi ò tíì rí ọlọ́pàá tó dá kẹ́ẹ̀gì ẹja dúró, àyàfi tó bá fẹ́ ra níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ò ná owó púpọ̀. Kí wọ́n mú ìwé kan sí èbúté kọ̀ọ̀kan, Ìwópin, Mákùn-Omi àti ibi yòówù tí ọkọ̀ apẹja bá ń gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n kan tì í. Kí ó wà lọ́wọ́ olórí àwọn ìyá ẹlẹ́ja, kì í ṣe lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn ìyá yìí mọ ẹja ju èmi àti ẹ̀yin lọ, wọ́n mọ èyí tó ti sùn nínú àwọ̀n, wọ́n sì mọ ẹni tó ń parọ́ ibi tó ti mú un. Kí wọ́n máa kọ irú ẹja sílẹ̀, kì í ṣe "ẹja" lásán, kí wọ́n sì ya ẹpìyà aládúdú àgbọ̀n sọ́tọ̀ sí ti onílà nírù. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ ẹja wá da ìwé náà kọ, ìyẹn ló yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà lè máa gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn yín bí ẹ ṣe ń gbé àbájáde bọ́ọ̀lù jáde.

Kí àwọn baálẹ̀ wa sì dá àwọn ibi kan sí nígbà òjò, níbi tí koríko etí omi ṣì wà, kí àwọ̀n má dé ibẹ̀ títí ìtẹ́ ẹja ọ̀sàn á fi tú. Èèwọ̀ odò kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ìdílé tó ní ibẹ̀, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tó gbó jù.

Owó tí wọ́n ń dá jọ, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi ra àwọ̀n olójú ńlá, kí wọ́n fi pààrọ̀ olójú kékeré lọ́wọ́ àwọn apẹja, ọ̀kan fún ọ̀kan, kí wọ́n sun olójú kékeré yẹn lójú gbogbo èèyàn. Apẹja ò ní ju àwọ̀n sílẹ̀ nítorí ìwàásù, ó ní ọmọ nílé ìwé.

Ìwé gbèsè mi wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wo ohun tí mo sọ, ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà náà pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè wá yà á ní fọ́tò látòkè délẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò kàn ní gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni, torí àwọn kan tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ ò tíì san tán.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì èbúté,
Ìwópin, Ìjẹ̀bú.